Nígbà tí ẹnì kan bá ní "kò sí kẹ́mísìrì", kí ló ń sọ gan-an?

Abèèrè kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí kì í ṣe ìmọ̀ràn lórí bóyá kí n fẹ́ ẹnì kan tàbí kí n má fẹ́ ẹ ni mò ń wá. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ni mò ń wá.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tí a ti jọ ń fẹ́ra fún oṣù mẹ́jọ sọ fún mi pé òun kò lè bá a lọ mọ́. Nígbà tí mo bi í ní ohun tí mo ṣe, ó ní n kò ṣe nǹkan kan, pé ẹ́nẹ́jì mi ló yí padà, àti pé tèmi àti tòun kò bára dọ́gba mọ́. Mo sunkún, mo gbà, mo sì lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu báyìí ni pé n kò béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà rárá. Mo gbà á bí ẹni pé dókítà ló ka èsì àyẹ̀wò sí mi létí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èmi náà wá jókòó níwájú ọkùnrin mìíràn, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ mi ṣeré, tí a ti jọ jáde lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo sọ fún un pé mo bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí kẹ́mísìrì láàárín wa. Kò bínú. Ó ń fi ìka yí ìdérí ìgò omi tó wà níwájú rẹ̀, ó dákẹ́ títí, ó wá béèrè pé, "Kí ni kẹ́mísìrì yìí gan-an? Ṣé ohun kan tí mi ò ní ni, àbí ohun kan tí mi ò ṣe?" Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo ní kó má bínú, mo sì gbé àpò mi.

Ìbéèrè rẹ̀ náà ni mo gbé wá fún yín. Ṣé ohun gidi kan tó wà nínú ara èèyàn ni, àbí àwáwí tí a fi ń yẹra fún òótọ́ ni? Ṣé ohun kan náà sì ni kẹ́mísìrì àti ẹ́nẹ́jì?

Òótọ́_Korò fèsì pé:

Àwáwí ni. Ẹni tó bá ní kò sí kẹ́mísìrì ń sọ pé ìwọ kọ́ ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí o bi òun ní ìdí. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ fi wọ ilẹ̀ nígbà tó béèrè.

Olùkọ́_Inú_Láàbù fèsì pé:

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì gidi, èyí tó wà nínú ìgò àti lórí iná, nítorí náà ẹ ó dárí jì mí bí mo bá gbèjà ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú ẹni tó ṣáájú mi pé àwáwí lásán ni. Kì í sì í ṣe òní ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yá a lò fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ní 1775, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó jẹ́ ará Sweden, Torbern Bergman, ṣàlàyé bí èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń fà mọ́ òmíràn, àti bí èròjà méjì tó ti so pọ̀ ṣe lè tú ká nígbà tí ẹ̀kẹta tí fífà rẹ̀ lágbára jù bá dé. Nígbà tó di 1809, Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, gbé èrò yẹn wọ inú ìtàn tọkọtaya kan tí èèyàn méjì wá bá gbé nínú ilé, tí ọkàn ọkọ fà síbì kan, tí ti ìyàwó sì fà síbòmíràn. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àfiwé náà ti ní ìbẹ̀rù nínú: pé ohun tó ń fa èèyàn kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fà á.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lo ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbàgbé ìdajì ohun tó wà nínú kẹ́mísìrì. Bí mo bá ju ègé sódíọ̀mù tí kò tó orí ìka lọ sínú omi, á sáré káàkiri lójú omi, á máa hó yaa, nígbà mìíràn á gbiná, gbogbo ọmọ á pariwo, kí a tó ka ogún ó sì ti tán. Irin tó ń dípẹtà náà ń tú ooru jáde, ṣùgbọ́n ó lọ́ra débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí a bá wá lọ irin yẹn kúnná, tí a pò ó mọ́ iyọ̀ àti ọ̀rinrin díẹ̀ nínú àpò kékeré tí afẹ́fẹ́ lè wọ̀, òun ni àwọn èèyàn ibi tí òtútù pọ̀ ń kì sínú ìbọ̀wọ́, tí á sì máa móoru fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun kan ni ìyára, ohun mìíràn ni iye ooru tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pàdé èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, tó ní kò sí kẹ́mísìrì, ìyára ló wọ̀n.

Mo mọ̀ pé ìwọ, arábìnrin tó béèrè, ti bá a jáde lẹ́ẹ̀mẹfà, nítorí náà n kò ní sọ pé o kánjú. Ohun kan péré ni mo fẹ́ bi ọ́. Igi ìṣáná tó wà nínú páálí ní gbogbo ohun tí yóò fi gbiná lórí, síbẹ̀ ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún láì gbiná, títí ẹnì kan yóò fi ṣá a. Nínú ìgbà mẹ́fà yẹn, kí ni ẹ ṣe pọ̀ yàtọ̀ sí pé ẹ jókòó kojú ara yín, tí ẹ ń bi ara yín ní ìbéèrè bí ẹni tó ń wá iṣẹ́?

Ní ti ẹ́nẹ́jì, kí olùkọ́ físíìsì wá gbèjà tirẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé joule la fi ń wọ̀n ọ́n, n kò sì tíì rí ẹni tó wọn ti olólùfẹ́ rẹ̀ rí.

Ìyàwó_Ọdún_26 fèsì pé:

Àbúrò mi, kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tó dé la ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àwa kàn máa ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bí a bá fẹ́ràn ẹnì kan láì mọ ìdí, a ní ẹ̀jẹ̀ wa gbà á. Bí ìrísí rẹ̀ bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ní ó wọ̀ wá lójú. Bí ọ̀rọ̀ wa bá ń lọ geere, tí òun ń gbé e tí èmi ń gbà á, a ní a mọwọ́ ara wa. Bí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí n kò ṣọ́ bí mo ṣe ń jókòó àti bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, a ní ara mi balẹ̀. Bí mo bá sì rí i lọ́ọ̀ọ́kán tí ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ gbé mi mọ́, a ní àyà mi já. Ohun márùn-ún nìyẹn, wọn kì í sì í dé pọ̀. Ẹni tó bá dà gbogbo wọn pọ̀ tó wá pè é ní kẹ́mísìrì dà bí ẹni tó ní ara ń dun òun, tí kò sọ ibi tó ń dùn ún. Báwo ni wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀?

Àyà mi kò já rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi. Mo rò pé èèyàn dáadáa tó máa di ọ̀rẹ́ ni. Etí òsì mi kò gbọ́ràn dáadáa láti kékeré, n kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún òun náà. Ní ìgbà kẹta tí a jọ rìn lọ síbì kan, mo ṣàkíyèsí pé bí a bá ti sọdá títì, ó máa ń yí wá sí apá ọ̀tún mi. Mo dán an wò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ síbi tí òun wà, kó lè jẹ́ pé apá òsì ló kù fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, ó gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó tún yọ sí ọ̀tún, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ohun tí ẹ ń pè ní kẹ́mísìrì bẹ̀rẹ̀ nínú mi, kì í sì í ṣe nínú èrò ló ti bẹ̀rẹ̀, inú ara ni. Mo rántí pé ojú tì mí láti wò ó fún ìyókù ìrìn náà.

Ṣáájú rẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń já mi láyà lójoojúmọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù mi ń sùn. Bí ó bá pè, mo máa ń dìde dúró kí n tó gbé e. Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́ fún odidi ọdún méjì, nígbà tó jẹ́ pé n kò mọ̀ rárá, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ṣì ń fẹ́ mi tàbí kò fẹ́ mi mọ́.

Ọmọdé_Ń_Bi_Àgbà fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, òórùn ara ńkọ́? Mo gbọ́ pé èròjà kan wà nínú òógùn èèyàn tó máa ń fa ẹlòmíràn mọ́ra láì jẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀, wọ́n tilẹ̀ ń tà á nínú ìgò lọ́fínńdà.

Aláròjinlẹ̀ fèsì pé:

Kí n ti ibi òórùn bẹ̀rẹ̀, kí n lè tètè kúrò níbẹ̀. Ọdún 1959 ni àwọn onímọ̀ fún irú èròjà bẹ́ẹ̀ lórúkọ, tí wọ́n pè é ní pheromone, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì kéde àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, lára kòkòrò tí a ti ń rí òwú sẹ́ẹ̀dà. Lára èèyàn, wọn kò tíì fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ títí di ìsinsìnyí, nítorí náà, àbúrò, fi owó rẹ pamọ́. Èyí tó wà ni ìwádìí kan tí Claus Wedekind àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1995 ní Switzerland: àwọn ọkùnrin fi ẹ̀wù kan sùn fún òru méjì, àwọn obìnrin sì gbóòórùn ẹ̀wù náà. Àwọn obìnrin fẹ́ràn òórùn àwọn tí àbùdá tó ń dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àìsàn yàtọ̀ sí tiwọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ apá kan ohun tí à ń pè ní "ẹ̀jẹ̀ mi gbà á", ṣùgbọ́n apá kékeré ni.

Ohun tí màmá wa sọ nípa àyà jíjá ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ní 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron ṣe ìwádìí kan ní Kánádà, lórí afárá olókùn kan tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lókè àfonífojì tó jìn tó mítà 70, àti lórí afárá mìíràn tó dúró gbọn-in. Obìnrin kan máa ń dá àwọn ọkùnrin tó ń kọjá dúró, á bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, á sì fún wọn ní nọ́ńbà tẹlifóònù pé kí wọ́n pe òun bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa iṣẹ́ náà. Nínú àwọn 18 tó gba nọ́ńbà lórí afárá tó ń mì, 9 ló pè. Nínú àwọn 16 tó gbà á lórí afárá tó dúró, 2 péré ló pè. Àlàyé tí àwọn olùwádìí ṣe ni pé ẹ̀rù ló ń mú ọkàn àwọn ti àkọ́kọ́ lù kìkì, ṣùgbọ́n obìnrin ló wà níwájú wọn, òun sì ni wọ́n ka lílù ọkàn náà sí lọ́rùn. Ara kì í fi àmì sára ohun tó bá ń ṣe é. Ó máa ń lù, ó máa ń làágùn, ó sì di ọwọ́ orí láti wá ohun tí yóò pè é.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń dáhùn lónìí, tí kò dáhùn lọ́la, tó tún wá fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ ní òru ọjọ́ kẹta. Afárá tó ń mì lonítọ̀hún ń gbé. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí, ti fi ẹyẹlé ṣàfihàn irú rẹ̀: ẹyẹlé tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní àkókò pàtó, tó máa ń rí i nígbà mìíràn tí kì í rí i nígbà mìíràn, kì í fẹ́ ṣíwọ́ kíkan ibi tí oúnjẹ ti ń jáde, kódà nígbà tí kò bá sí oúnjẹ níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kẹ́mísìrì òun àti ẹnì kan pọ̀ kọjá àlà, mo máa ń béèrè bóyá ó mọ ìgbà tí yóò tún gbọ́ ohùn onítọ̀hún.

N kò wá fẹ́ kí ẹ rò pé ìbẹ̀rù lásán ni gbogbo rẹ̀. "Mímọwọ́ ara ẹni" tí màmá dárúkọ jẹ́ ohun tí a lè fi aago wọ̀n. Ní 2009, àwọn olùwádìí wo bí àwọn tó ń sọ èdè mẹ́wàá ní ibi mẹ́wàá láyé ṣe ń dáhùn ìbéèrè ara wọn, wọ́n sì rí i pé ní ìpíndọ́gba, àlàfo tó máa ń wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ni pé a ti ń pèsè ìdáhùn kí ẹnì kejì tó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn mìíràn fi hàn ní 2022 pé bí ìdáhùn bá ṣe ń yá tó ni àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀ ṣe máa ń rò pé àwọn wà pa pọ̀ tó. Ní ọdún yẹn náà ni àwọn olùwádìí ní Netherlands so ẹ̀rọ mọ́ ara àwọn tí kò mọra rí, tí wọ́n jókòó kojú ara wọn láti mọ̀ bóyá wọn yóò fẹ́ tún pàdé. Kì í ṣe ẹ̀rín tàbí ojú tí wọ́n ń wo ara wọn ló bá fífà tó wà láàárín wọn rìn, bí kò ṣe pé lílù ọkàn àwọn méjèèjì àti òógùn àtẹ́lẹwọ́ wọn ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀. Ọ̀rẹ́ wa tó ní àwáwí ni, mo bẹ̀ ọ́, tún un rò.

Ohun kan kù tó yẹ kó fi abèèrè lọ́kàn balẹ̀ nípa ìbéèrè ọkùnrin yẹn, "ohun tí mi ò ní àbí ohun tí mi ò ṣe". Ní 2017, Samantha Joel, Paul Eastwick àti Eli Finkel kó ìdáhùn àwọn èèyàn sí ìbéèrè tó lé ní 100 nípa ìwà wọn àti ohun tí wọ́n ń wá lára olólùfẹ́, wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò wu ẹni. Ó sọ ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wù déwọ̀n àyè kan, ó sì sọ ẹni tó máa ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ìfà àkànṣe tó wà láàárín ẹni méjì pàtó, kò lè sọ ọ́ rárá. Kò sí nínú ẹnì kìíní, kò sì sí nínú ẹnì kejì. Àárín wọn ló wà.

Ẹ́nẹ́jì ló wá kù, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, ìtara ni wọ́n sábà máa ń fi pè: bí ẹnì kan ṣe ń tètè dáhùn sí, bí ojú rẹ̀ ṣe ń tú ká, bóyá òun náà ń pe èèyàn àbí òun ni wọ́n ń pè nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, ìṣesí ni wọ́n ń fi pè, ìyẹn ohùn àti ojú tí èèyàn gbé wọlé. Ohun tí èèyàn ń ṣe ni méjèèjì, kì í ṣe ohun tó jẹ́. Nítorí náà, kẹ́mísìrì yàtọ̀ sí i. Ẹni tó bá ní ẹ́nẹ́jì rẹ yí padà rí ohun kan tí o ṣe tàbí tí o kò ṣe mọ́, ó sì yẹ kó lè dárúkọ rẹ̀.

Mo_Ti_Rìn_Ín_Rí fèsì pé:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjíròrò yìí ń gbà ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo fẹ́ obìnrin kan tí kò ní àbùkù kankan. Ara mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, a mọwọ́ ara wa, ìwà wa bára mu, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n má wulẹ̀ retí àyà jíjá, pé ti ọmọdé nìyẹn, pé ìfẹ́ ara yóò dé bó bá yá. Mo dúró dè é fún ọdún mẹ́rin. Kò dé. Bí mo bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú mi máa ń dùn bí inú ẹni tí àbúrò rẹ̀ dé. Bí ó bá dì mọ́ mi, mo máa ń kà á lọ́kàn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí n lè mọ ìgbà tí mo lè jáwọ́ láì jẹ́ kó hàn. Ó hàn sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó dúró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń fọ eyín, ó ní, "O máa ń kà á, àbí?" N kò lè sẹ́.

Nítorí náà, bí ara rẹ bá sọ pé rárá, arábìnrin, má jẹ́ kí a fi ìwádìí àti àfiwé bá ọ jiyàn títí o ó fi gbà. Irin náà lè móoru lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta wà tí kò ní móoru bó ti wù kí a lọ̀ ọ́ tó. Olóore tí a kò fẹ́ ń jìyà ju ẹni tí a kọ̀ lójú ẹsẹ̀ lọ, ìyà náà sì pẹ́ lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá àwọn yòókù gbà ni pé kí o sọ ọ́ yé ara rẹ kí o tó sọ ọ́ fún un.

Abèèrè padà wá kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n tó kọ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yín gbà mí lóorun. Òun ló jẹ́ kí n mú ìwé àti kálámù, kí n kọ ohun márùn-ún tí màmá wa kà sílẹ̀, kí n sì fi èèyàn jẹ́jẹ́ yìí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láì parọ́ fún ara mi.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbà á. Ara mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó balẹ̀ débi pé mo ti sùn lọ rí nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àyà mi kò já. Níbi "ó wọ̀ mí lójú" ni mo ti gbé kálámù dúró, nítorí mo ti fẹ́ kọ rárá kí n tó rántí pé ní gbogbo ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí ó ṣe ń yí ìdérí ìgò yẹn lọ́jọ́ náà, mo wò ó títí mo fi gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. N kì í ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn tèmi sí ìkìlọ̀ yín nìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Ibi tó kù ni mímọwọ́ ara, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, mo sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Mo máa ń dápàárá, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, èmi á ti máa ṣàlàyé àpárá náà, kó tó wá rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ojú á ti tì mí. Ìgbà mẹ́fà ni a jáde, mo sì ń ti ibẹ̀ padà sílé nígbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú kànga. Ohun tí mo pè ní àìsí kẹ́mísìrì nìyẹn, ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Ní ti ọkùnrin àkọ́kọ́, mo wo àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́. Oṣù tó ní ẹ́nẹ́jì mi yí padà ni wọ́n gbé mi sí iṣẹ́ òru, tó fi jẹ́ pé ìdájí ni mo ń dá a lóhùn. Ohun tó ṣe é kò ju ìyẹn lọ, kò sì sọ ọ́. Inú ń bí mi díẹ̀ lórí èyí, n kò ní purọ́.

Mo pe èèyàn jẹ́jẹ́ náà ní àná. Mo ní mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀, pé kì í ṣe ohun tí kò ní, ohun tó ń ṣe ni, mo sì sọ ti ìṣẹ́jú-àáyá méjì náà fún un. N kò ṣèlérí kankan fún un, mo ní kí a kàn tún pàdé ní Sátidé, kí a rìn dípò kí a jókòó kojú ara wa. Ó dákẹ́ lórí fóònù. Mo ti ń la ẹnu láti ṣàlàyé, mo wá pa á dé, mo dúró dè é. Ìgbà náà ló wá bú sẹ́rìn-ín.